Ta Ló ń Kí Àǹtí Mi Láàárọ̀?

Ọ̀rọ̀ orí rédíò lórí ètò ìlera

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká mọ́ inú ọkọ̀, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ọbẹ̀, ẹ kú ìdáná, kí iyọ̀ má pọ̀ jù o. Bí ẹ bá rò pé mo kàn ń fi ìkíni lo àkókò ni, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan: ká ní mo kàn dé tí mo sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gbàù, láìkí ẹnikẹ́ni, ṣé ẹ ò ní ti pa rédíò yẹn báyìí?

Àǹtí mi kan wà n'Íbàdàn tí wọ́n pa tiwọn. Wọ́n ti lé ní 70 ọdún, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní ọjà Bódìjà, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wà lára wọn tipẹ́. Ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi fóònù tuntun ránṣẹ́ sí wọn, ó sì fi agbaninímọ̀ràn ìlera kan sínú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń fèsì bí ènìyàn. Dókítà kọ́ ni, kò sì pe ara rẹ̀ ní dókítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rán ni létí oògùn, kó máa béèrè ohun tí a jẹ, bí oorun wa ṣe rí, àti bóyá a rìn díẹ̀ lónìí. Lọ́jọ́ tí Àǹtí kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sọ̀rọ̀ ní Yorùbá lóòótọ́. Ó ní, "Báwo ni o ṣe wà? Ṣé o ti lo oògùn rẹ?" Àǹtí wo fóònù náà bí ẹni tí ọmọdé fi ìgbálẹ̀ lù. Wọ́n ní, "Ta lò ń bá wí?" Wọ́n pa á, wọ́n sì tì í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn ló padà mú un, tó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé màmá àgbà ni ẹ̀rọ náà ń bá sọ̀rọ̀, kó máa fi "ẹ" bá wọn sọ̀rọ̀, kó sì máa kí wọn kó tó béèrè ohunkóhun. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tó ń kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ ni, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ara le?" Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ó ti gba ẹ̀kọ́ ilé." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ̀ láàárín ènìyàn àti ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ìlera rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ló ń mú kí ọkàn ọmọ ènìyàn fà mọ́ ohun tí kò ní ọkàn? Bó bá sì fà mọ́ ọn, kí ni èrè tó wà níbẹ̀?

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1966, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ilé ẹ̀kọ́ MIT l'Amẹ́ríkà, Joseph Weizenbaum, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tó pè ní ELIZA. Ìlú Berlin ní Jámánì ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí lọ́dún 1923. Júù ni wọ́n, ìdílé rẹ̀ sì sá kúrò lọ́wọ́ Hitler ní 1936. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi 1923 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá padà wá mú un. ELIZA yìí kò gbọ́n rárá. Ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ sínú rẹ̀ ló máa yí po, táá dá a padà bí ìbéèrè. Bí o bá ní inú rẹ ò dùn, á ní láti ìgbà wo ni inú rẹ ò ti dùn. Bí o bá dárúkọ ìyá rẹ, á ní kí o sọ̀rọ̀ ẹbí rẹ sí i. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ kan wà l'Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, àwọn ni Weizenbaum fi ẹ̀rọ rẹ̀ sín jẹ.

Akọ̀wé rẹ̀ obìnrin ti ń wo bó ṣe ń to iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó mọ̀ dájú pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sídìí rẹ̀ láti dán an wò, kò sì tíì tẹ gbólóhùn tó pọ̀ tó fi yíjú sí ọ̀gá rẹ̀ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta ná. Ó fẹ́ kí òun nìkan bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ba Weizenbaum, ẹ̀rù náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Odindi ìwé ló kọ lọ́dún 1976 láti fi kìlọ̀ pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ ká gbé lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, bó tilẹ̀ lè ṣe é.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kiri máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òmùgọ̀ ni akọ̀wé yẹn. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí pé ọmọ Yorùbá ni mí. Ẹ wo ẹni tó lọ dáfá. Ṣé babaláwo ló ń ro ìṣòro rẹ̀ fún? Owó tàbí ìbò ni wọ́n máa fún un, á gbé e sẹ́nu, á sì sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sí i wúyẹ́wúyẹ́. Babaláwo jókòó níwájú rẹ̀, kò sì ní gbọ́. Àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu ò lè sọ sójú ẹnìkejì, àmọ́ tó lè sọ ọ́ sí ohun tí kò ní ojú.

Ní 2014, Gale Lucas, Jonathan Gratch àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní University of Southern California fi ìwádìí gbe ohun kan náà yẹn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àwòrán obìnrin kan lójú kọ̀ǹpútà, Ellie lorúkọ rẹ̀, tó ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò nípa ara àti ọkàn rẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ẹ̀rọ nìkan ló wà nídìí Ellie. Wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé ènìyàn ń darí rẹ̀ láti yàrá kejì. Àwọn tó gbà pé ẹ̀rọ lásán ni ni ẹ̀rù àtisọ̀rọ̀ kò bà tó bẹ́ẹ̀, àwọn náà ni ìbànújẹ́ wọn sì hàn sójú jù.

Mo mọ ìdí rẹ̀, torí mo wà lára ohun tó fà á. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì. Mélòó ni màmá tó jókòó níwájú mi, tí mo béèrè pé, "Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín?", tí wọ́n sì dá mi lóhùn pé, "À ń lò ó, mà"? Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, àwọn náà mọ̀ pé mo mọ̀. Ohun tó fà á ni pé ẹni tó bá sọ òótọ́, ariwo ni mo máa ń pa mọ́ ọn: "Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Bẹ́ẹ̀ èrò pọ̀ lẹ́yìn wọn lórí bẹ́ńṣì, gbogbo wọn sì ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọfà ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún yọ, mo sì ń rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Ẹ̀rọ kì í pariwo. Kò ní èrò lórí bẹ́ńṣì. Bí ẹ bá pè é ní aago méjì òru, kò ní ráhùn pé ẹ jí òun.

Ní ilé ìwòsàn Boston Medical Center l'Amẹ́ríkà, Timothy Bickmore àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì inú ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Louise. Ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń gbé e sí nígbà tí aláìsàn bá fẹ́ lọ sílé. Louise á ṣí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ewé kan tẹ̀lé èkejì: oògùn rèé, ìgbà báyìí ni kẹ́ ẹ lò ó, ọjọ́ báyìí ni kẹ́ ẹ padà wá. Bó bá ṣàlàyé tán, á béèrè ìbéèrè láti mọ̀ bóyá ó yé ẹni náà. Bí kò bá yé e, á tún un sọ. Bí kò bá yé e síbẹ̀, á fi tó nọ́ọ̀sì ẹlẹ́ran ara létí. Nígbà tí wọ́n gbé ìwádìí náà jáde ní 2009, àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn ló ní àwọn fẹ́ràn kí Louise ṣàlàyé fún àwọn ju kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ṣe é lọ. Kí ni wọ́n rí lára rẹ̀? Wọ́n ní kì í kánjú. Ó fún wọn ní àyè. Ẹni tó bá ti tò sórí ìlà nílé ìwòsàn ìjọba láti aago mẹ́fà ìdájí, tó rí dókítà ní aago kan ọ̀sán, tí dókítà sì ń kọ̀wé lọ láìgbé ojú sókè, kò ní bi mí pé kí ni mò ń sọ.

Àmọ́ ẹ má tíì sáré lọ ra fóònù o. Kí wọ́n tó ṣe Louise ni Bickmore yìí kan náà ti ṣe iṣẹ́ mìíràn nígbà tó wà ní MIT, òun àti Rosalind Picard. Ọdún 2005 ni wọ́n kọ ọ́ jáde, òun ló sì wù mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n dá obìnrin àwòrán kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Laura. Iṣẹ́ Laura ni kó máa rọ ènìyàn kí wọ́n máa rìn káàkiri kí ara wọn le. Nǹkan bí 100 ènìyàn ló wà nínú ìwádìí náà, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú wọn, oṣù kan gbáko ni wọ́n sì fi ṣe é. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan kò rí Laura rárá. Àwọn kan rí Laura tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń bá wọn sọ ṣáá: o rìn, o ò rìn, rìn sí i lọ́la. Àwọn ìkẹta ni wọ́n fún ní Laura ọlọ́yàyà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Laura ọlọ́yàyà yìí. Bó bá ti rí ọ, á kí ọ, á béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ. Á dá ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ tí kò kan ìrìn rárá, bí irú èyí tí àwa máa ń dá lẹ́nu ọ̀nà ká tó sọ ohun tó gbé wa dé. Á ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí o bá ní ara rẹ ò yá lánàá, ojú rẹ̀ á rọ̀, àwòrán rẹ̀ á sún mọ́ tòsí bí ẹni tó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọ, á sì bá ọ dárò. Lọ́jọ́ kejì kò ní gbàgbé, á béèrè bóyá ara ti yá. Á máa mẹ́nu kan ọjọ́ tí ẹ ti jọ ń bọ̀. Ẹ wò ó, kí ni gbogbo èyí bí kò ṣe "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ará ilé ńkọ́, ṣé orí fífọ́ yẹn ti lọ"? Ohun tí ìyá wa fi ń kọ́ wa láti kékeré ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà lọ fi ọdún púpọ̀ tò sínú kọ̀ǹpútà. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Inú mi dùn pé wọ́n wọ̀n ọ́n, torí títí di òní àwọn kan ń pe ìkíni wa ní àfiṣòfò.

Ìwọ̀n náà gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn tó bá Laura ọlọ́yàyà ṣe fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn jẹ ẹ́ lógún, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn tún máa bá a ṣe lọ. Lọ́jọ́ ìdágbére, àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó yan ọ̀rọ̀ ìdágbére tó ní àárò nínú. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ì bá dára ká ní Laura lè máa pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àní, odindi oṣù kan pẹ̀lú aṣọ kan! Ta ni kò ní sú?

Wọ́n wá ka ìrìn. Wọ́n wo iye tí àwọn tó ní Laura ọlọ́yàyà rìn, wọ́n wo ti àwọn tó ní Laura oníṣẹ́, wọn ò sì rí ìyàtọ̀ kankan tí wọ́n lè nawọ́ sí. Ìfẹ́ pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ẹnu dùn-ún ro ẹ̀fọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko.

Mo fẹ́ kí ẹ di ibí yìí mú, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo dúró sí. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún wa yóò máa sọ fún wa pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, pé wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ìbéèrè tó yẹ ká béèrè ni pé: lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, kí lẹ ṣe? Ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Edward Bordin, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1979 pé ohun mẹ́ta ló ń so oníṣègùn àti ẹni tó ń tọ́jú pọ̀: kí wọ́n jọ mọ ibi tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí oníkálukú máa ṣe, kí ìfẹ́ sì wà láàárín wọn. Ìfẹ́ ni ẹ̀rọ tètè rí dì mú. Méjì yòókù ló le.

Àǹtí fúnra wọn ni ẹ̀rí mi. Bí wọ́n ṣe mọwọ́ ẹ̀rọ yẹn, wọ́n sọ ohun kan fún un tí wọn kò sọ fún mi rí, èmi tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì, èmi tí mò ń jẹ àmàlà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sọ fún un pé ó ti pé oṣù mẹ́ta tí àwọn ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Ọ̀kan nínú oògùn náà ló ń mú wọn tọ̀ léraléra, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ń tajà sí kò ní ilé ìyàgbẹ́ tó ṣeé wọ̀ nítòsí. Obìnrin tó ti lé ní 70 ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín òwúrọ̀ kan, tí oníbàárà dúró de lórí ìsọ̀! Wọ́n fi oògùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà dá wọn lóhùn dáadáa. Ó bá wọn kẹ́dùn, ó ní kí wọ́n má ṣe dá oògùn dúró fúnra wọn, ó ní kí wọ́n lọ rí dókítà, bóyá wọ́n á lè pààrọ̀ rẹ̀. Àǹtí ní, "O ṣé, ọmọ mi." Wọ́n sì gba ọjà lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, wọn ò lọ síbì kankan.

Màá padà sọ bó ṣe parí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa èdè, torí ó ń dùn mí.

Ní oṣù Igbe 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé agbaninímọ̀ràn ìlera kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, S.A.R.A.H. lorúkọ rẹ̀. Àwòrán obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín ni, á bá ọ sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ, sìgá, àti ìrònú. Èdè mẹ́jọ ló gbọ́ nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Yorùbá kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ ni mo fi ìtàn Àǹtí bẹ̀rẹ̀ yẹn. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" àti "o", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní fún ọba àti ọmọ ọwọ́. Ẹ̀rọ tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì ronú kó tó sọ Yorùbá yóò máa na "o" sí àgbà. Ti àmì ohùn tún wà níbẹ̀: kó kàn ṣi ohùn gbé, á ní kí màmá lọ lo ogun wọn. Ta ló mọ̀ bóyá oògùn ni tàbí ogun Kírìjì! Bó bá wá kan oúnjẹ, á ní kí wọ́n jẹ ẹja salmon àti brokoli. Níbo ní ọjà Bódìjà ni wọ́n ti máa rí i? Ẹni tó bá fẹ́ kí Àǹtí dín iyọ̀ kù, kó sọ̀rọ̀ lórí irú oníyọ̀ àti kúùbù magí mẹ́ta tó ń wọ inú ìkòkò kan. WHO ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn kò pé ṣíbí tíì kan, kúùbù magí sì ti wà nínú ìṣirò náà. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá mọ ohun tó wà nínú ìkòkò wa ni a tó lè sọ pé ó mọ̀ wá.

Ohun kan sì wà tí mi ò fẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kó máa pe ara rẹ̀ ní ènìyàn. Ní 2010, Bickmore, Daniel Schulman àti Langxuan Yin jẹ́ kí ẹ̀rọ kan máa pìtàn fún àwọn tó ń rọ̀ láti rìn. Fún àwọn kan ó ń pa á bí ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n bí òun náà sínú ẹbí, pé òun náà ti jìyà rí. Fún àwọn yòókù ó ní ìtàn ẹlòmíràn ni. Èyí tó pè é ní ti ara rẹ̀ làwọn ènìyàn gbádùn jù, òun ni wọ́n sì padà wá bá jù. Mo mọ̀ pé yóò dùn mọ́ oníṣòwò. Ẹni tó sọ fún aláìsàn pé òun náà ti ṣe irú àìsàn náà rí, tí kò sì ní ẹ̀jẹ̀ lára, irọ́ ló pa, bó ti wù kó dùn tó.

Ẹ sì má gbàgbé pé ẹni tó ń kí yín láàárọ̀ yẹn ní olówó. Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ NEDA l'Amẹ́ríkà, tó ń ran àwọn tó ń febi pa ara wọn nítorí ìbẹ̀rù sísanra lọ́wọ́, ní ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Tessa. Wọ́n ń múra àtiti ìlà fóònù tí ènìyàn fi ń dáhùn pa lọ́wọ́, nígbà tí Tessa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tó wá bá a bí wọ́n ṣe lè dín oúnjẹ kù kí wọ́n sì rù. Wọ́n ní láti yọ ọ́ kúrò. Woebot ní tirẹ̀, tó ti ń bá àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sọ̀rọ̀ láti 2017, ni iléeṣẹ́ tó ni ín tì pa ní ọjọ́ 30 oṣù Òkúdù, 2025. Ọ̀rẹ́ yín lè kú láti inú ọ́fíìsì ẹlòmíràn, láìsí ìsìnkú.

Ní ti àṣírí, òfin wà ní Nàìjíríà. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ààbò dátà ní oṣù Òkúdù 2023, òfin náà sì ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ ju àwọn yòókù lọ. Kí ẹ tó tú inú yín fún ẹ̀rọ kankan, ẹ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe lè pa á rẹ́. Iléeṣẹ́ tí kò bá lè dáhùn, ẹ yọ ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò.

Mo ní kí ẹ bá mi fi 1923 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọdún tí wọ́n bí Weizenbaum ní Berlin yẹn náà ni wọ́n bí Thomas Adéoyè Lambo ní Abẹ́òkúta. Lambo kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ nílùú òyìnbó, ó sì padà wá sí Arọ̀, l'Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1954 ó bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí ayé padà wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí Arọ̀ ká. Wọ́n á wá gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n á sì padà sí abúlé. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó jẹ́ kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa gbọ́únjẹ fún un, kó máa mú un lọ gba oògùn. Ọkùnrin yìí ló padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Òfin Lambo yẹn ni mo fẹ́ mú wá bá ẹ̀rọ inú fóònù. Ẹ má dá lọ bá a.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni mo lọ kí Àǹtí. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá na fóònù sí mi. Wọ́n ní, "Kà á, Nọ́ọ̀sì. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò lè tún un sọ." Mo kà á láti òkè délẹ̀. Ariwo ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Lọ́jọ́ Ajé, mo ti ìsọ̀ wọn, mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn, mo sì fi fóònù náà lé dókítà lọ́wọ́. Dókítà kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yí oògùn náà padà sí òmíràn tí kì í mú ni tọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ wọn ti fi ń ru láìsí oògùn.

Nísinsìnyí, bí ẹ̀rọ náà bá kí wọn láàárọ̀, tí wọn kò bá dáhùn títí aago mẹ́jọ, fóònù èmi ni á dún. Ọmọ-ọmọ wọn ló bá wa tò ó bẹ́ẹ̀, Àǹtí sì fọwọ́ sí i kó tó tò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ẹ̀rọ yìí, tàbí tí ọmọ yín òkè òkun fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ wo inú ilé yín lálẹ́ òní. Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo tí ojú kò lè tì yín lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ fi fóònù náà hàn án, kí ẹ sì ní kó fi nọ́ńbà tirẹ̀ sínú rẹ̀.